Oúnjẹ olówó pọ́ọ́kú àti kíkọ́ ọmọ nílé nínú ìdílé ńlá ní Àbújá: ìbéèrè àti ìdáhùn

Èmi àti ọkọ mi bí ọmọ mẹ́jọ, Kubwa tó wà lábẹ́ Bwari ní Àbújá la sì ń gbé. Gbogbo àwọn ọmọ tó ti tó ìwé í kọ́ ló ń kẹ́kọ̀ọ́ nínú ilé, ilé náà la sì ti ń se gbogbo ohun tí a ń jẹ. Àwọn ìbéèrè tí àwọn òbí máa ń bi wá jù ni mo kó jọ síbí. Mo dáhùn wọn ní kíkún nítorí ó dá mi lójú pé ìdílé tí owó tó ń wọlé fún un kò pọ̀ lè jẹun dáadáa, àwọn ọmọ ibẹ̀ sì lè mọ̀wé, bí òbí kò bá ya iṣẹ́ ilé ìdáná sọ́tọ̀ kúrò lára iṣẹ́ ìwé.

Ṣé nítorí owó iléèwé lẹ ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ yín nílé?

Owó wà lára rẹ̀. Ẹni tó bá ní ọmọ mẹ́jọ ní Àbújá tó sì fẹ́ fi gbogbo wọn sí iléèwé aládàáni yóò sanwó iléèwé, owó aṣọ, owó ìwé àti owó ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́dún. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣe pàtàkì jù sí wa ni pé kí àwọn ọmọ mọ ara wọn, kí wọ́n gbọ́ Yorùbá délẹ̀, kí wọ́n sì mọ iṣẹ́ í ṣe. Ọmọ tó ń jáde nílé ní aago mẹ́fà àárọ̀ tó sì ń wọlé nírọ̀lẹ́ kì í ní àyè láti kọ́ bí a ṣe ń se ẹ̀wà, ìyá rẹ̀ náà kì í sì í ní àyè láti kọ́ ọ.

Ṣé òfin Nàìjíríà fọwọ́ sí i?

Òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2004 sọ pé dandan ni fún òbí láti rí i pé ọmọ rẹ̀ kàwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà àti girama kékeré fún ọdún mẹ́ta, kí ó sì parí méjèèjì. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọ ti 2003 náà sọ pé ọmọ ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ọmọ nílé kò gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Ẹ lọ bá agbẹjọ́rò àti ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ ìjọba tó súnmọ́ yín sọ̀rọ̀ kí ẹ tó yọ ọmọ kúrò níléèwé. Ẹ tẹ̀lé ìlànà ẹ̀kọ́ tí NERDC ń ṣètò fún gbogbo orílẹ̀-èdè, àjọ tí olú-ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Sheda lójú ọ̀nà Lọ́kọ́ja, kí ẹ sì máa tọ́jú ìwé iṣẹ́ àwọn ọmọ ní ọdọọdún, pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n ṣe é. Ọmọ tó wà nílé tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ ní nǹkan kan kò sí nínú ẹ̀kọ́ nílé; wọ́n kàn gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ni, inú mi kì í sì í dùn nígbà tí àwọn ènìyàn bá ń pe irú èyí ní ohun kan náà pẹ̀lú ohun tí à ń ṣe.

Báwo ni wọ́n yóò ṣe ṣe ìdánwò WAEC àti JAMB?

Ọmọ tí kò sí níléèwé lè dá forúkọ sílẹ̀ fún WAEC, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì ń pè ní GCE, NECO náà sì ní ìdánwò tirẹ̀ fún àwọn tó ń dá forúkọ sílẹ̀. JAMB kì í béèrè bóyá iléèwé ni ọmọ ti kẹ́kọ̀ọ́ tàbí ilé, ṣùgbọ́n kò ní forúkọ ẹni tí kò ní nọ́ńbà NIN sílẹ̀, nítorí náà ẹ tètè lọ gbà á fún gbogbo ọmọ. Ohun tí ilé kò lè pèsè ni yàrá àyẹ̀wò fún kẹ́mísìrì àti físíìsì. Ọmọ wa tó fẹ́ ka sáyẹ́ǹsì ní láti lọ bá olùkọ́ kan tí ó ń lo yàrá àyẹ̀wò, a sì ń sanwó fún un. Ẹ fi owó yìí sínú ìṣirò yín láti ìbẹ̀rẹ̀.

Kí ni ẹ ń jẹ láàárín ọ̀sẹ̀ tí owó fi ń tó yín?

Ẹ̀wà àti ọkà ni ìpìlẹ̀ gbogbo rẹ̀. Láàárọ̀, ẹ̀kọ gbígbóná tàbí kúnú jéró ni a máa ń mu, pẹ̀lú àkàrà tàbí ànàmọ́ sísè. Ọ̀sán ni a máa ń jẹ oúnjẹ ńlá, nítorí gbogbo wa wà nílé, iná sì rọrùn láti ṣọ́ ní ojúmọmọ ju alẹ́ lọ. Ó lè jẹ́ ẹ̀wà rírò pẹ̀lú gaàrí, ó lè jẹ́ túwó àgbàdo àti ọbẹ̀ kúkà tí a fi ewé oṣè lílọ̀ sè, ó sì lè jẹ́ àdàlú nígbà tí àgbàdo tútù bá wà lóde. Ìrẹsì kì í ju ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ lọ́sẹ̀, ìrẹsì ilẹ̀ wa láti Bida tàbí Lafia ni a sì ń rà. Àwọn ọmọ kéékèèké ló máa ń ṣa òkúta inú rẹ̀ lórí àtẹ kí a tó fọ̀ ọ́. Ọjọ́ Àìkú ni ti àmàlà, gbẹ̀gìrì àti ewédú. Lálẹ́, oúnjẹ fẹ́ẹ́rẹ́ ni: gaàrí àti ẹ̀pà, tàbí ẹ̀kọ tútù àti ẹ̀fọ́.

A kì í ra ẹran láti fi kún àwo. Egungun, ẹja gbígbẹ àti ẹja ṣáwà ni a fi ń se ọbẹ̀, ẹyin sì wà fún àwọn ọmọ kéékèèké àti fún aboyún nígbà tí mo bá lóyún. Mo ń ra pọ̀nmọ́ nítorí adùn rẹ̀, ṣùgbọ́n n kì í kà á mọ́ ohun tí ara ọmọ fi ń dàgbà. Nílé wa, ẹran tó tóbi jù kì í ṣe ti bàbá. Ọmọ tó ń ga lójoojúmọ́ nílò rẹ̀ ju àgbàlagbà lọ, ọkọ mi ló sì kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ pé kì í ṣe bí wọ́n ṣe tọ́ ọ̀pọ̀ wa dàgbà nìyí, wọ́n ní ẹran a máa sọ ọmọdé di olè. Ohun tí mo rí ni pé ọmọ tí a fún ní ìpín tirẹ̀ ní gbangba kì í yọ́ wo ìkòkò.

Ìgbà wo ni ó yẹ kí a ra ohun kọ̀ọ̀kan?

Ìbéèrè tó ṣe pàtàkì jù nìyí, nítorí ọ̀pọ̀ ohun tí àwọn ènìyàn ń pè ní ọ̀wọ́n ni wọ́n rà ní oṣù tí kò yẹ kí wọ́n rà á. Ọkà, jéró, ẹ̀wà, ẹ̀pà, sóyà àti ìrẹsì máa ń jáde láti inú oko ní apá Àríwá láàárín oṣù kẹwàá sí oṣù kejìlá. Ìgbà yẹn ni àwọn àgbẹ̀ ń wá owó, tí ọjà sì kún. Tó bá fi di oṣù kẹfà sí oṣù kẹjọ, tí èyí tó kù ti wọ ọwọ́ àwọn tó kó o pamọ́, ẹni tó ń ra múdù kan kan ni yóò ru ẹrù gbogbo èrè wọn. A kò lówó tí a lè fi ra àpò mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìdílé tí a mọ̀ kò ní in. Ohun tí a ṣe ni pé àwa àti àwọn ìdílé díẹ̀ ní àdúgbò wa ń dá àjọ láti oṣù kìíní, a kì í sì í kó o títí di ìgbà ìkórè. Nígbà náà, àwọn bàbá méjì yóò lọ sí ọjà Gwagwalada pẹ̀lú owó gbogbo wa, wọn yóò ra ẹ̀wà àti àgbàdo ní àpò-àpò, a ó sì wọ̀n ọ́n pín nílé. Owó ọkọ̀ ti di ohun ńlá láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù kúrò ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún 2023, nítorí náà ìrìn àjò kan fún ìdílé mẹ́rin sàn ju ìrìn àjò mẹ́rin lọ.

Ẹ ti ọwọ́ bọ inú àpò títí dé ìsàlẹ̀ kí ẹ tó san owó. Ẹ̀wà tó tutù lọ́wọ́ tàbí tó ń rùn bí ilẹ̀ rírin kò gbẹ. Ẹ gé ọkà jẹ: èyí tó gbẹ yóò dún láàárín eyín. Ẹ̀pà tó ti hu tàbí tó ti dúdú, ẹ má rà á, bó ti wù kó pọ́ọ́kú tó, nítorí olú tó ń hù sára rẹ̀ máa ń ní oró tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, sísè tàbí yíyan kì í sì í pa oró náà tán. Bí ẹ bá sì ń ra nǹkan ní múdù, ẹ wo ìdí agolo náà dáadáa, nítorí àwọn olùtajà kan máa ń tẹ ìdí rẹ̀ wọnú. Ọmọ wa tó jẹ́ ọdún mọ́kànlá ló máa ń yẹ̀ ẹ́ wò fún mi, ó sì ń fi èdè Haúsá bá wọn nájà ju bí mo ṣe lè ṣe lọ.

Epo pupa máa ń pọ̀ láàárín oṣù kejì sí oṣù karùn-ún; kẹ́ẹ̀gì kan tí a bá rà nígbà náà máa ń gbé wa jìnnà. Àlùbọ́sà Sókótó àti Kẹ́bbí máa ń pọ́ọ́kú ní nǹkan bí oṣù kẹta sí ìkẹrin, ó sì máa ń gbówó lórí púpọ̀ lẹ́yìn òjò. Iṣu tuntun láti Bẹ́núé àti Niger ń dé ọjà Zuba ní Àbújá níbí ní nǹkan bí oṣù kẹjọ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ó pọ̀ díẹ̀ kí ẹ tó rà á. Máńgòrò wà lóde láti oṣù kẹta, kò sì sí ìdí tí a ó fi máa ra èso mìíràn nígbà yẹn.

Kòkòrò kì í jẹ ẹ̀wà yín ni?

Kòkòrò ti wà nínú ẹ̀wà láti oko kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ohun tó ń pa á ni àìrí afẹ́fẹ́ mí. A ń lo àpò alápò mẹ́ta, ìyẹn ọ̀rá méjì nínú àpò kan, tí a so ẹnu ìkọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Àwọn onímọ̀ yunifásítì Purdue ní Amẹ́ríkà ló ṣe irú àpò yìí, ẹ̀wà àwọn àgbẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn àti Àárín Gbùngbùn Áfíríkà ni wọ́n sì kọ́kọ́ ṣe é fún. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ṣe àjèjì sí àwọn tó ń ta ọkà ní Àríwá. Ẹ tẹ ẹ̀wà náà mọ́lẹ̀ kí afẹ́fẹ́ jáde, kí ẹ so ó le, kí ẹ má sì ṣí i fún oṣù kan ó kéré tán. Èyí tí a fẹ́ jẹ ní oṣù tí a wà, inú kẹ́ẹ̀gì tó gbẹ tí ọmọrí rẹ̀ dé pa ni a ń rọ ọ́ sí.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi oògùn kòkòrò olómi sí ẹ̀wà. Ní 2019, NAFDAC fòfin de títa oògùn kòkòrò dichlorvos onígò kékeré ní ọjà, nítorí àwọn ènìyàn ń ṣì í lò. Fífọ̀ kò ní yọ ọ́ kúrò tán. Bí mo bá rí ẹ̀wà tí kò ní kòkòrò kankan ní oṣù keje, tó sì ń rùn bí oògùn, n kì í dúró dúnàá-dúrà.

Gáàsì ti wọ́n. Báwo ni ẹ ṣe ń se ẹ̀wà fún ènìyàn mẹ́wàá?

Ẹ rẹ ẹ̀wà sómi mọ́jú. Bí ẹ bá gbàgbé, ẹ sè é kí ó hó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ pa iná, kí ẹ dé e fún wákàtí kan, lẹ́yìn náà ẹ da omi rẹ̀ nù kí ẹ sì padà sè é. A ní pressure pot kan, òun ni ohun èlò tí mo lè sọ pé ó ti san owó ara rẹ̀ padà. A sì ní apẹ̀rẹ̀ ńlá tí a fi aṣọ àtijọ́ àti bùláńkẹ́ẹ̀tì tẹ́ nínú: ìkòkò ìrẹsì tàbí ẹ̀wà tó ti hó dáadáa ni a ń gbé sínú rẹ̀, a ó bò ó mọ́lẹ̀, ooru tó wà nínú rẹ̀ yóò sì parí iṣẹ́ láìsí iná. Ìrẹsì máa ń jinná níbẹ̀ kí ẹ̀kọ́ ìṣirò tó parí. Oúnjẹ tó bá ní ẹran nínú, a máa ń gbé e padà sórí iná kí ó hó kí a tó jẹ ẹ́, a kì í sì í fi í sílẹ̀ níbẹ̀ títí yóò fi tutù.

Èédú ni a ń lò fún ohun tó bá pẹ́ lórí iná, ní ìta. Ẹ má ṣe gbé ìkòkò èédú wọ yàrá láé, pàápàá ní ọyẹ́ nígbà tí òtútù bá mú. Afẹ́fẹ́ olóró tó ń jáde lára rẹ̀ kò ní òórùn, ó sì ń pa ènìyàn lójú oorun.

Báwo ni ẹ ṣe ń ṣe wàrà sóyà tí gbogbo ènìyàn ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ nílé yín?

Àwọn aládùúgbò wa tó jẹ́ Haúsá ló kọ́ wa, àwárà ni wọ́n ń pè é. Mo fẹ́ràn láti kọ́ àwọn ènìyàn nítorí sóyà ní purotéènì tó tó ìdá 36 sí 40 nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ̀wà tiwa sì ní bí ìdá 20 sí 25. Kò sí ẹran tí owó rẹ̀ súnmọ́ ti sóyà nínú ohun tó ń fún ọmọ.

Ẹ ṣa sóyà, kí ẹ rẹ ẹ́ mọ́jú, kí ẹ fọ̀ ọ́ dáadáa, kí ẹ sì lọ̀ ọ́ kúnná. Ẹ pò ó pọ̀ mọ́ omi, ẹ fi aṣọ funfun mímọ́ sẹ́ ẹ, kí ẹ fún un gbẹ. Omi wàrà náà ni ẹ ó gbé ka iná nínú ìkòkò tó tóbi ju bí ẹ ṣe rò lọ, nítorí yóò ru sókè bí wọ́n bá fojú kúrò lára rẹ̀. Lẹ́yìn tó bá ti hó, ẹ jẹ́ kí ó máa hó díẹ̀díẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún. Èyí kì í ṣe fún adùn nìkan. Sóyà tí kò jinná ní ohun tó ń dí ara lọ́wọ́ láti lo purotéènì inú rẹ̀. Nígbà náà ni ẹ ó máa da omidùn, ìyẹn omi kíkan orí ògì, sí i díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dì tí omi rẹ̀ yóò sì mọ́. Oje ọsàn wẹ́wẹ́ ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Ẹ kó o sínú aṣọ, ẹ fi òkúta mímọ́ tẹ̀ ẹ́ títí omi yóò fi ro kúrò. Ó kù kí ẹ gé e wẹ́wẹ́, kí ẹ fi iyọ̀ àti ata sí i, kí ẹ dín in, tàbí kí ẹ jù ú sínú ọbẹ̀ bí ẹran.

Èérí rẹ̀ tó kù nínú aṣọ kò gbọ́dọ̀ di ohun ìdànù. A ń pò ó mọ́ ẹ̀wà lílọ̀ láti fi dín àkàrà, yóò sì jinná dáadáa níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tí a bá ṣe wàrà náà ni àwọn ọmọ ńlá máa ń kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé sáyẹ́ǹsì wọn: ìdí tí ohun kíkan fi ń mú kí wàrà dì, àti ìdí tí ìkòkò fi ń ru.

Kí ni ẹ ń ṣe nígbà tí tòmátò bá di góòlù?

Tòmátò pọ̀ ní ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí wọ́n ń bomi rin oko ní Kadawa ní Kano àti ní apá Kaduna. Nígbà òjò, ó máa ń dínkù, ó sì tètè ń bàjẹ́ lójú ọ̀nà. Àwọn tó wà nínú ilé ìdáná ní 2016 kò ní gbàgbé bí kòkòrò Tuta absoluta ṣe jẹ oko tòmátò run ní Kaduna. Nítorí náà, ní oṣù kìíní sí ìkẹta, a máa ń ra apẹ̀rẹ̀ tòmátò, a ó gé e pẹlẹbẹ, a ó wọ́n iyọ̀ díẹ̀ sí i, a ó sì sá a sórí àtẹ lábẹ́ àwọ̀n kí eṣinṣin má bà á. Oòrùn àti ọyẹ́ Àbújá a máa gbẹ ẹ́ kíákíá. Àwọn tó bá gbẹ tó sì ń ṣẹ́ lọ́wọ́ ni a ń kó sínú ike tó dé pa.

Ṣùgbọ́n mo rò pé ọ̀pọ̀ wa ti jẹ́ kí ọbẹ̀ ata pupa gbà wá lọ́kàn jù. Gbẹ̀gìrì kò nílò tòmátò, ewédú kò nílò rẹ̀, ilá kò nílò rẹ̀. Ọbẹ̀ kúkà, ìyẹn ewé oṣè lílọ̀ tí àwọn ará Ìlọrin ń pè ní lúrú, kò nílò ju irú, ata àti ẹja díẹ̀ lọ. Táúṣè tí àwọn ará ibí ń se, elégédé, ẹ̀pà lílọ̀ àti ewé yákúwá tó jẹ́ ìṣápá ló wà nínú rẹ̀, ó sì máa ń ki. Àwọn ọmọ mi fẹ́ràn rẹ̀ ju ọbẹ̀ tí ìyá mi ń sè fún mi ní kékeré lọ, mo sì ti gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ń gbé láàárín Haúsá àti Gbàgyí tí kò kọ́ ọbẹ̀ wọn ń fi owó ṣòfò.

Kí ni ẹ fi ń fún ọmọ ọwọ́ lóúnjẹ?

Ọmú nìkan fún oṣù mẹ́fà. Lẹ́yìn náà, ọmú kò dúró, ṣùgbọ́n ògì lásán kò tó ọmọ. A máa ń yan jéró tàbí àgbàdo, sóyà àti ẹ̀pà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, a ó sì lọ̀ wọ́n pọ̀: ìwọ̀n mẹ́ta ọkà, méjì sóyà, ẹyọ kan ẹ̀pà. Sóyà náà gbọ́dọ̀ yan dé inú. Díẹ̀ ni a ń lọ̀ lẹ́ẹ̀kan kí ó má baà pẹ́ nílẹ̀ kó máa ta ẹnu. Ẹ má fi oyin sí oúnjẹ ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan. Ewé zógálè, ìyẹn mòríńgà, gbígbẹ tí a gún, ṣíbí kékeré kan nínú ẹ̀kọ ọmọ tó ti ń rìn, dára púpọ̀.

Ọjọ́ yín ṣe máa ń rí? Ta ló ń ṣe iṣẹ́ ilé?

A ń jí kí ilẹ̀ tó mọ́. Àdúrà, omi, ilẹ̀ gbígbá, lẹ́yìn náà ẹ̀kọ. Bí omi kò bá yọ, a ń ra ti mairuwa, ìyẹn àwọn tó ń ta omi kiri, ní kẹ́ẹ̀gì, omi tí a fi ṣan ìrẹsì a sì máa lọ sí ìdí ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ àti ewédú tí a gbìn sínú àpò ní ẹ̀yìn ilé láti ìgbà tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹrin. Ìwé bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́jọ títí di ọ̀sán, ìṣirò àti Gẹ̀ẹ́sì ni a sì máa ń kọ́kọ́ ṣe nígbà tí ojú ṣì dá.

Ọmọ ńlá kọ̀ọ̀kan ní ọmọ kékeré kan lọ́dọ̀ rẹ̀, tí ó ń kọ́ ní kíkà. Ọmọ ńlá méjì ló ń jọ wà ní ilé ìdáná lọ́sẹ̀ kan, ọkùnrin àti obìnrin bákan náà. Mo tẹnu mọ́ ọn pé bákan náà ni, nítorí àwọn àlejò máa ń ṣàánú àwọn ọmọkùnrin wa bí wọ́n bá rí wọn níbi ọlọ. Ọmọkùnrin náà ń jẹun, kí ó mọ bí a ṣe ń sè é.

Ṣé ilé ìdáná lè kọ́ ọmọ ní ìwé lóòótọ́?

Kì í ṣe gbogbo ìwé. Kò sí bí èèyàn ṣe lè fi ògì kọ́ ọmọ ní álíjẹ́bírà títí dé ìparí. Ṣùgbọ́n ọmọ tó bá ti sọ oúnjẹ ènìyàn mẹ́rin di ti ènìyàn mẹ́wàá ti ṣe ìdá lọ́nà tí kò ní gbàgbé. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá wa ló ń kọ ìwé ìnáwó ilé: iye tí a ra nǹkan, iye ọjọ́ tó gbà kó tó tán, iye tí oúnjẹ kan jẹ́ lórí ènìyàn kan. Ìwé yẹn la fi mọ̀ pé búrẹ́dì tí a rò pé ó pọ́ọ́kú láàárọ̀ wọ́n ju àkàrà àti ẹ̀kọ lọ, a sì dá a dúró.

Lára ògiri, àwòrán ilẹ̀ Nàìjíríà wà níbẹ̀. Ohunkóhun tó bá wọ ilé, ọmọ kan gbọ́dọ̀ fi ìlà tọ ibi tó ti wá: pòtétò láti Plateau, iṣu láti Zaki Biam, ìrẹsì láti Kẹ́bbí. Wọ́n sì ń ka ìtàn ìlú tí wọ́n ń gbé, bí ìjọba àpapọ̀ ṣe kó kúrò ní Èkó wá sí Àbújá ní ọjọ́ 12 oṣù kejìlá 1991, àti àwọn Gbàgyí tó ni ilẹ̀ kí olú-ìlú tó dé.

Yorùbá wọn ńkọ́, ní àárín Haúsá?

Yorùbá ni èdè ilé ìdáná. Ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n fún òun ní nǹkan níbẹ̀ gbọ́dọ̀ fi Yorùbá béèrè rẹ̀, kí ó sì kúnlẹ̀ tàbí dọ̀bálẹ̀ fún àgbà láàárọ̀. Haúsá ni ti ọjà, Gẹ̀ẹ́sì ni ti ìwé. Bí wọ́n bá ti ń lọ ata, mo máa ń pa àlọ́ fún wọn, àwọn ńlá náà ti ń pa á fún àwọn kékeré.

Níbo lẹ ti ń rí èlùbọ́ tó dára ní Àbújá?

A ń ṣe é fúnra wa ní ọyẹ́. Ní oṣù kejìlá àti oṣù kìíní, iṣu ṣì pọ̀ ní Zuba, èyí tó ti ṣẹ́ tàbí tó kéré ni a sì máa ń rà, nítorí owó rẹ̀ kéré sí ti odidi iṣu. A ó bó o, a ó gé e, a ó sì kó o sínú omi gbígbóná tí ọwọ́ kò lè pẹ́ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n tí kò hó. Bí ó bá hó, iṣu náà yóò jinná, àmàlà rẹ̀ kò sì ní dára. A ó bò ó sínú omi náà mọ́jú, a ó yọ ọ́ láàárọ̀, a ó sì sá a sóòrùn títí yóò fi gbẹ kanrinkan tí a bá gbá a mọ́ ara wọn tí yóò dún. Ọmọ kan ni yóò máa ṣọ́ ọ kí adìyẹ má bà á, ìwé rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Èyí tí a bá ti kó pamọ́ ní gbígbẹ, díẹ̀díẹ̀ ni a máa ń gbé e lọ sí ẹ̀rọ, nítorí èlùbọ́ lílọ̀ kì í pẹ́ tó èyí tí a kò tíì lọ̀.